Ìdí tí ẹran ẹ̀yìn ò fi ní jẹ́ iye kan náà mọ́: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ látìgbà tá a ṣì ń pàtẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi WhatsApp ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ ń sanwó ẹran fáwọn òbí yín n'Ìbàdàn ńbí, gbogbo yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Látoṣù tó ń bọ̀ lọ, ẹ ò ní rí "ẹran ẹ̀yìn" ní iye kan ṣoṣo mọ́ lórí lísìtì wa. A ti pín in sí mẹ́ta: ẹran inú ẹ̀yìn, ẹran gbọọrọ, àti ẹran òkè ẹ̀yìn tòun ti iké. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọgbọ́n àtifowó lé ọjà ni, màálù kan náà, ẹ̀yìn kan náà, kí ló wá yàtọ̀? Ó yàtọ̀ o. Màá ṣàlàyé ẹ̀, ó sì lè gùn díẹ̀, ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná kó yáa lọ rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara yín lápá ìbàdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun tó la àárín ẹ̀yìn kọjá. Ẹ máa kan ẹran kan tó ga díẹ̀ lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, tẹ́ ẹ bá wá rọra tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀ ẹ máa rí i pé ó le sí i. Ẹran yẹn gan-an là ń gé fún yín lára màálù tá à ń pè ní ẹran gbọọrọ. Àwọn dókítà ń pe gbogbo ẹ̀ ní erector spinae, ìlà mẹ́ta ló pín sí, èyí tó tóbi jù nínú wọn ni longissimus. Màálù ní in, ewúrẹ́ ní in, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ náà ní in, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí ó sì bá eegun ẹ̀yìn lọ títí dé ọrùn. Eegun ìhà màálù jẹ́ 13 lápá kọ̀ọ̀kan, tiwa jẹ́ 12, eegun ẹ̀yìn ìbàdí màálù jẹ́ 6, tiwa jẹ́ 5. Ẹ wò ó, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Iṣẹ́ tí ẹran náà ń ṣe ló jìnnà síra. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló gbé ẹ̀yìn màálù dúró, ẹ̀yìn náà kàn nà gbalaja láàrin wọn ni, nítorí náà tí màálù bá ń jẹko jẹ́jẹ́, ẹran gbọọrọ yẹn ò ṣe wàhálà púpọ̀, ìgbà tó bá sáré tàbí tó fò ló máa ń fa ara ẹ̀ le dáadáa. Àwa èèyàn ńkọ́, òòró la dúró sí. Ìyá tó pọnmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ fọṣọ, ẹni tó tẹ orí kodò síwájú kọ̀ǹpútà látàárọ̀, ẹran ẹ̀yìn yìí ló ń fà wọ́n sẹ́yìn kí wọ́n má baà dojú bolẹ̀, kò sì sí pé ó fẹ́ sinmi. Ìdí nìyẹn tí fọ́nrán inú ẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó para pọ̀ di ẹran, fi yàtọ̀. Oríṣi fọ́nrán méjì ló pọ̀ nínú ẹran ara: ọ̀kan wà tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí kì í tètè rẹ̀, ó pọ́n dáadáa, èkejì lágbára, ó yára, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́, ìyẹn máa ń funfun díẹ̀. Èyí tí kì í tètè rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹran ẹ̀yìn èèyàn. Tẹlẹ́dẹ̀, èyí tó yára ló pọ̀ jù ńbẹ̀, ẹ ò rí i pé ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ máa ń funfun díẹ̀, kò pọ́n tó ti màálù? Màálù wà láàrin, ó ní méjèèjì.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí èyí tó wọ́n jù, torí òun làwọn èèyàn ń bá mi jà sí. Ẹran inú ẹ̀yìn kò sí lókè eegun rárá, abẹ́ eegun ẹ̀yìn ló wà, nínú ikùn lọ́hùn-ún, níbi tí kíndìnrín wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì mọ̀ ọ́n sí fillet, orúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà ni psoas. Lára màálù, iṣẹ́ ẹ̀ kéré, fọ́nrán ẹ̀ tín-ín-rín, awọ funfun tó ń so ẹran pọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lára èèyàn, òun ló ń bá wa gbé itan sókè, ẹni tó bá ń gun òkè Mápó lẹ́sẹ̀ ń fi tiẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi, ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ti wa. Ẹyọ méjì péré ló wà lára odidi màálù kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kò tóbi, tá a bá sì pa màálù kan, ilé mẹ́rin márùn-ún ló ti ń béèrè ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ kẹ́ ẹ sè é fún wákàtí kan, ó máa gbẹ ni. Ẹ gé e fẹ́lẹ́, ẹ yan án tàbí kẹ́ ẹ dín in fúngbà díẹ̀, ó tán.

Ẹran òkè ẹ̀yìn ni tèmi, mi ò sì fi bò. Ẹ ti gbọ́ pé màálù ò ní eegun èjìká iwájú, èyí tí àwa ní lókè àyà wa níbí? Kò ní in. Kò sí eegun tó so ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ rárá, ẹran nìkan ló so ó kọ́, nítorí náà gbogbo ẹran tó wà láàrin èjìká àti ẹ̀yìn, ó ń gbé màálù yẹn ró ní gbogbo ìgbà tó bá wà lórí ìdúró, ẹ wá ro ti màálù tó ti fẹsẹ̀ rin ìrìn dáadáa kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹran bẹ́ẹ̀ máa yi. Àmọ́ ohun tó ń mú un yi yẹn, ìyẹn awọ funfun tín-ín-rín inú ẹ̀, kọ́lájìn ni, tẹ́ ẹ bá ti rọra sè é pẹ́ lórí iná díẹ̀, ó máa yọ́, òun ló ń mú omi ẹran ki tó ń lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ata fún ìnáwó tó wá ń ra ẹran inú ẹ̀yìn, owó ẹ̀ ló fi ń ṣòfò. Iké náà wà nínú ẹ̀ka yìí, ẹran tó dà pọ̀ mọ́ ọ̀rá ni. Bùnájì, màálù funfun oníwo gígùn tẹ́ ẹ máa ń rí, àti Sókótó Gúdálì ló ní in, Muturu àti N'Dama ò ní iké, ẹ má bá wa jà tẹ́ ẹ bá béèrè tá a ní kò sí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan gígùn kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn tó ti pọ́n, tó sì yi bíi rọ́bà láàrin ẹran ọrùn àti òkè ẹ̀yìn, kì í ṣe pé màálù náà ti darúgbó o. Okùn tó ń bá màálù gbé orí ró nìyẹn, kó lè máa tẹrí jẹko látàárọ̀ kí ọrùn má ro ó. Kì í ṣe kọ́lájìn, ẹlásítìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn kì í yọ́. Ẹ sè é di ọ̀la, bó ṣe wà náà ló máa wà, gáàsì yín ló máa tán. Àwa èèyàn ní irú ẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, tiwa kàn fẹ́lẹ́ gan-an ni, torí orí wa jókòó sórí ọrùn, kò so síwájú. A ti ń yọ ọ́ kúrò báyìí ká tó wọn ẹran, ẹ ò sanwó ẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń sọ pé kílò kan táwọn rà ò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ nígbà tó jinná: nínú ẹran tí ò lọ́ra, nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi, púrótéènì jẹ́ bí ìdá 20, ọ̀rá àtàwọn nǹkan wẹ́wẹ́ míì ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèèyàn ṣe rí. Iná ló ń mú púrótéènì súnkì tí omi fi ń jáde, kì í ṣe òṣùwọ̀n wa. Omi pupa tẹ́ ẹ sì máa ń rí nísàlẹ̀ náílọ̀n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dà nù nígbà tá a pa á, omi ẹran ni, ohun tó pa á láró pupa ni wọ́n ń pè ní myoglobin, òun ló ń tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ sínú ẹran.

Ẹni kan bi mí léèrè ìdí tá à ń fi jẹ́ kí màálù sùn mọ́jú kí á tó pa á, pé ṣé ìyẹn ò ń ná wa lówó ni. Màálù tó bá ti òkè Ọya wá nínú ọkọ̀, tó dúró pẹ́ láìjẹ láìmu, ó ti lo gbogbo ṣúgà inú ẹran ẹ̀ tán. Ṣúgà yẹn ló yẹ kó di ásíìdì lẹ́yìn tá a bá pa á, tí pH ẹran, ìyẹn òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, á fi bọ́ láti nǹkan bíi 7 sí nǹkan bíi 5.5. Tí kò bá sí, ẹran á dúdú, á le, ojú ẹ̀ á gbẹ, á sì tètè bàjẹ́. Orí ẹran gbọọrọ lẹ ti máa kọ́kọ́ rí i. Òun náà làwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yẹ̀ wò láti mọ ipele tí màálù wà, wọ́n á gé e láàrin eegun ìhà kejìlá àti ìkẹtàlá, wọ́n á wo bí ọ̀rá ṣe wọnú ẹ̀ tó. Màálù tiwa kì í lọ́ra nínú tó bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń rìn púpọ̀. Àárín èèyàn ńkọ́, tí ẹ̀yìn bá ti ń dunni fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rá máa ń wọnú àwọn ẹran kéékèèké tó sún mọ́ eegun ẹ̀yìn, ìyẹn kì í sì í mú owó wá fẹ́nikẹ́ni àfi dókítà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ẹran láàárọ̀ kùtù, tí ara ẹ̀ ṣì ń gbóná, ẹ má sọ ọ́ sí fírísà lójú ẹsẹ̀. Ẹran náà ò tíì kú tán nínú, òtútù máa fún un pọ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ jáde ó máa yi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sì máa ní ẹran àgbà la tà fún yín. Ẹ sè é lọ́jọ́ náà, tàbí kẹ́ ẹ fi sí fìríìjì lásán di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó gbé e sí fírísà.

Ẹ̀yìn adìyẹ ò sí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Eegun ẹ̀yìn adìyẹ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn lápá tó pọ̀, kò ní bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹran ò wúlò fún un níbẹ̀, eegun àti awọ lẹ ń rà, iye ẹ̀ ò sì yí padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹran inú ẹ̀yìn fún òpin ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó la máa tọ́jú ẹ̀ fún. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ "ẹran ẹ̀yìn" láìsọ èwo, ẹran gbọọrọ la máa gbé wá.