Ẹni tó hun aṣọ kọ́ ló gé e: èsì télọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ Boeing àti Airbus

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá nípa Boeing àti Airbus, àwọn ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ sí pé ẹni tó bá ń wá ìtura, Airbus ni kó máa wọ̀. Ẹ kò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀. Iṣẹ́ íǹṣì ni iṣẹ́ mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi téèpù wọn ìdí àti èjìká èèyàn ní Mókọ́lá níbí.

Mo gbé téèpù náà dání lọ́dún 2016, nígbà tí mo lọ síbi ìkómọjáde ọmọ-ọmọ mi ní London. (Wọ́n gba àlùmọ́gàjí mi ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n fi téèpù sílẹ̀ fún mi.) Ọmọ mi tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣọ́ owó ná, ló bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló gbé mi lọ, òmíràn ló gbé mi bọ̀. Boeing 777 ni lálọ, Boeing 777 náà ni lábọ̀. Lálọ, èèyàn mẹ́wàá ló wà ní ìlà kan: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta. Arákùnrin tó jókòó tì mí sanra díẹ̀, èmi náà kì í ṣe igi ìṣáná. Bí òun bá gbé apá lé igi àárín wa, èmi á ká tèmi mọ́ àyà. Bí èmi bá gbà á, òun á ká tirẹ̀. Ìgbà tó sùn ni mo fa téèpù yọ. Láti igi ọ̀tún dé igi òsì, kò pé íǹṣì 17. Lábọ̀, mẹ́sàn-án la jẹ́ ní ìlà, mẹ́ta mẹ́ta. Téèpù ní ó lé ní 17 àbọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kan náà ni, àwọn kan náà ló ṣe é.

Ẹni tí kò rán aṣọ rí lè béèrè pé kí ni àbọ̀ íǹṣì fẹ́ dà. Kó lọ bi ìyá ìyàwó tí apá bùbá fún mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó hun aṣọ kọ́ ló ń gé e. Boeing àti Airbus ni ahunṣọ, ọwọ́ wọn ni ìbú aṣọ wà. Iye ìjókòó tí yóò wọ ìlà kan, àti ibi tí orúnkún ẹni yóò dé kó tó kan ẹ̀yìn ẹni iwájú, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ra ọkọ̀ ló wà. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti gbọ́ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ará Jámánì tó ṣe Volkswagen tó di danfo kò ní kí ẹnikẹ́ni jó bẹ́ǹṣì mọ́ inú rẹ̀, kó máa kó èrò mẹ́rin-mẹ́rin. Wẹ́dà wa ló jó o, olówó ọkọ̀ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nígbà tí 777 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1995, mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tò sí ìlà kan. Ọkọ̀ náà kò fẹ̀ sí i láti ìgbà yẹn, ẹni kẹwàá ló wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni 787 ti Boeing: mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́kọ́ polówó rẹ̀, mẹ́sàn-án ló wọ́pọ̀ nísinsìnyí. Japan Airlines nìkan ni mo mọ̀ tó di mẹ́jọ yẹn mú nínú èyí tó ń lọ sókè òkun, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ á búra pé kò sí ẹni tó mọ ìtura ṣe bíi Boeing.

Airbus náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Lọ́dún 2013 wọ́n pariwo pé kí gbogbo ayé gbà pé íǹṣì 18 ni ìjókòó ọkọ̀ tó ń rìnnà jíjìn kò gbọdọ̀ dín sí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí aṣọ rẹ̀ fẹ̀ ni kì í tì lójú láti polówó ìbú. Inú A350 wọn gba mẹ́sàn-án ní íǹṣì 18. Síbẹ̀, French Bee àti Air Caraïbes, àwọn ilé-iṣẹ́ ará Faransé tó ń fò ó, to mẹ́wàá sínú A350 kan náà.

Ibi tí mo ti fara mọ́ yín ni àwọn ọkọ̀ kékeré. Boeing 737 tí a mọ̀ dunjú nílẹ̀ yìí, ìbú 707 tó ti ń gbé èrò láti 1958 ni wọ́n fi gé e, wọn kò sì yí i padà títí di òní. A320 ti Airbus, tó dé ní 1988, fi nǹkan bí íǹṣì 7 fẹ̀ jù ú lọ nínú. Èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà ni méjèèjì ń kó ní ìlà kan. Pín íǹṣì 7 sí mẹ́fà, ó lé díẹ̀ ní íǹṣì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ahunṣọ ló fa ìnira, kò sí ohun tí télọ̀ lè rí ṣe sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí téèpù kò lè wọ̀n, tí ẹ kò sì mẹ́nu bà, ìyẹn atẹ́gùn. Lókè níbi tí ọkọ̀ ń fò, atẹ́gùn kò tó mí, wọ́n ní láti máa ti òmíràn sínú ọkọ̀. Wọn kì í tì í tó ti ilẹ̀, nítorí ara ọkọ̀ ń wú, ó sì ń sọ̀ nígbàkigbà tó bá fò, ìyẹn sì máa ń mú kí irin sán bó pẹ́ bó yá. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, bí ẹni tó wà lórí òkè 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lèèyàn ń mí. 787 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n fi okùn carbon ṣe dípò irin, ó lè gba títì jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń mí bí ẹni tó wà lórí òkè 6,000 ẹsẹ̀ bàtà. Boeing ló ṣe ìyẹn. A350 tẹ̀ lé e ní 2015. Ìyàwó mi wọ 787 lọ sí Washington, ó ní orí kò fọ́ òun bó ti máa ń fọ́ òun tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ni, ó lè jẹ́ ayọ̀ ọmọ tó fẹ́ lọ rí.

Mi ò gbàgbé 737 MAX ti Boeing. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, wà nínú àwọn 157 tó bá èyí tó já ní Ethiopia lọ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2019. Níbi tí ìyẹn bá ti wọ ọ̀rọ̀, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìtura mọ́.

Àwọn méjì tí ẹ dárúkọ kọ́ nìkan ló sì wà lọ́jà. Àwọn ará Brazil ló ń ṣe Embraer. E195-E2 wọn, tí Air Peace kọ́kọ́ gbé wọ Áfíríkà ní 2021, méjì-méjì ló tò, kò sí ẹni tí wọ́n há sáàárín. A220 tí Ibom Air ń lò, tí Bombardier ti Kánádà ló kọ́kọ́ ṣe é kó tó di ti Airbus, méjì wà lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Ẹni àárín nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni wọ́n fún ní ìjókòó tó fẹ̀ jù, íǹṣì 19. Ẹni tó ronú ìyẹn ti jókòó sáàárín rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ń fi ọkọ̀ wé ọkọ̀, ẹ tẹ iye èrò tó wà ní ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń fò ó. Ẹ sì bá wa bi àjọ NCAA, tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa, pé kí ló dé tí kìlò ẹrù fi máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wa, tí íǹṣì ìjókòó kì í sí níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì pàṣẹ ní 2018 pé kí àjọ FAA, ìyẹn NCAA tiwọn, fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún ìjókòó. Nígbà tí wọ́n pe ará ìlú ní 2022 pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kọ̀wé. Bí tiwa bá pe àwa náà, èmi á mú téèpù mi dání wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Télọ̀,
Mókọ́lá, Ìbàdàn.