Ṣé ti 504 á wọ 505? Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọkọ̀.

Lójoojúmọ́ ni ẹ ń bi wá bóyá páàtì Peugeot 504 á wọ 505. Àwa náà á bi yín pé: ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú 505 yẹn? Ó máa ń bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí 505 jáde ní 1979, ẹ́ńjìnnì 504 tí à ń pè ní XN1, oní-1971 cc (cc ni a fi ń wọn bí inú sílíńdà ṣe gbà tó), ni wọ́n gbé sínú àwọn kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ ní, ohun inú ẹ́ńjìnnì bíi písítìnì, sílíìfù (ohun tó dà bíi páìpù tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) àti bíárìn sábà máa ń bára mu. Ohun tó bá so mọ́ ara ọkọ̀ ńkọ́, bíi síìtì ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà rédíétọ̀? Ẹ gbé ti àtijọ́ wá ká fi wé e.

Àwọn 505 mìíràn gbé 2165 cc. Ìran mìíràn pátápátá nìyẹn. Peugeot àti Renault ló jọ ṣe é; káàmù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) wà lórí tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì), bẹ́líìtì ló sì ń yí i. Káàmù XN1 wà nínú búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, ṣéènì ló ń yí i. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ihò sílíńdà àwọn méjèèjì jẹ́ mílímítà 88. Ẹni tó bá wọn ẹnu písítìnì nìkan á ní ó ti bọ́ sí i. Kò bọ́ sí i rárá.

Láàárín 504 síra wọn náà, ẹ rọra. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1968 jẹ́ 1796 cc: ihò rẹ̀ 84, ìrìn písítìnì rẹ̀ (bó ṣe ń lọ sókè sódò tó) 81. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 1971 cc, ihò ni wọ́n fẹ̀ sí 88, wọn ò fọwọ́ kan ìrìn. Bí ẹ bá wá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ti 84 sórí ti 88, etí rẹ̀ á yọ sínú ihò, iná á sì jẹ ẹ́. Ti Peugeot 404 oní-1618 cc tún yàtọ̀: ihò 84, ìrìn 73. Písítìnì tó fẹ̀ bákan náà lè ga jù ú lọ, kó lọ kan fáàfù.

Sílíìfù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Omi ló yí tàwọn 404 àti 504 wọ̀nyí ká, séẹ̀lì (òrùka tí kì í jẹ́ kí omi jò) wà nísàlẹ̀ wọn, orí wọn sì gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ kí tọ́ọ̀pù lè tẹ̀ wọ́n dáadáa. Bí séẹ̀lì bá tín-ín-rín jù, omi á wọnú ọ́ìlì. Ẹ ó rí i tó funfun lára ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í já sẹ́ẹ̀tì: písítìnì, sílíìfù àti séẹ̀lì jọ ń lọ ni.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ nìkan ò tó, torí wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà kí ọkọ̀ tó kàn yín. Ẹ tún sọ fún wa bí wọ́n bá ti ha ojú tọ́ọ̀pù rí, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn lẹ máa nílò.

Bí ẹ bá délé, ẹ gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́ kí mẹkáníìkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí ọ́ìlì ò bá tíì kàn la lè gbà padà.