Kì í ṣe ẹni tó ṣe ipò kìíní nìkan

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ eré sísá ọ̀nà jíjìn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti ń ròyìn ẹ̀, ẹni tó gbapò kìíní nìkan lẹ máa ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa kà.

Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, sá máratọ́ọ̀nù, eré tó lé ní kìlómítà méjìlélógójì, ní Róòmù lọ́dún 1960 láìwọ bàtà, wákàtí méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún (2:15:16) ló lò, gbogbo ayé hó yèè. Lọ́dún 2023 Tigst Assefa, obìnrin o, lo 2:11:53 ní Berlin, àwọn ọkùnrin Kẹ́ńyà àti Etiópíà tó sì ń sá ju ti Bikila lọ lónìí ti pọ̀ débi pé a ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bàtà ìgbàlódé dá sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo Iten, ìlú àwọn eléré sísá ní Kẹ́ńyà, àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń sáré lọ́pọ̀ yanturu lórí òkè.

Nílé wa ńkọ́? Mo wo eré fáìfù táúsáńdì mítà ní sùkúù kan l'Ómù-Àrán níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ tó ṣe kìíní ti parí, ó ti fa píọ́ wọ́tà méjì mu tán, ẹni kejì ṣì ku odindi ráùn kan, àwọn tó kù ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tiwa, èèyàn márùn-ún mẹ́fà ló máa ń já jọ síbi rìbọ́ọ̀nù, tíṣà á máa bi wá pé ta ló ṣáájú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ orúkọ ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ àti àkókò tí wọ́n lò.

Èmi ni tiyín, láti Òmù-Àrán.