Ọ̀tá Tó Gbà Á Là

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Lúùkù 10:30-37, ìtàn ará Samáríà aláàánú, ni a ó kà lọ́sẹ̀ yìí.

Bóyá la fi rí ẹni tó gbọ́ orúkọ Bert Shepard rí láàárín wa. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń gbá baseball, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kejì sì ń fi igi gbá a, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Indiana ni, ọwọ́ òsì ló sì fi ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jù ú rí nínú ìdíje líìgì àgbà, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Boston Red Sox ń na Washington Senators, ẹgbẹ́ tirẹ̀, bí ẹni máa kú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tọ́rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni wọ́n tó ní kó wọlé. Ó jù ú títí eré fi parí, ayò kan péré ni wọ́n sì rí jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kúkú borí. Ṣùgbọ́n àtọwọ́dá ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ orúnkún.

Ìgboyà ni wọ́n máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi, dókítà kan nínú rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1944, Shepard ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun lókè ilẹ̀ Jámánì nígbà tí wọ́n yìnbọn fún un. Ọkọ̀ já lulẹ̀, òun náà dákú. Àwọn àgbẹ̀ gbé fọ́ọ̀kì oko, wọ́n fẹ́ pa á. (Ẹ má tíì dá wọn lẹ́jọ́, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yìnbọn sí ilẹ̀ wọn láti òkè.) Ladislaus Loidl, dókítà ológun Jámánì tó jẹ́ ọmọ Austria, ló fi ìbọn lé wọn sẹ́yìn. Ó gbé ọ̀tá sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó di ọsibítù. Wọ́n ní àwọn ò gbà á. Àfìgbà tó pe ọ̀gá kan ní Berlin lórí fóònù kí wọ́n tó rí ibi gbà á, tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà, tí ẹ̀mí fi dúró. Ará Samáríà tiẹ̀ rí ilé èrò tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Nínú àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun, ọmọ Kánádà kan, Don Errey, ló bá a ṣe ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ fi rìn.

Bí a bá ń wàásù Samáríà, ẹni tó ń ṣàánú la máa ń fi ara wa wé. Ta ló ń fi ara rẹ̀ wé ẹni tó wà nílẹ̀? Ẹni tó wà nílẹ̀ kì í yan ẹni tó máa gbé òun. Ó lè jẹ́ ẹni tí ìdílé rẹ kì í kí. Ó lè jẹ́ orogún ìyá rẹ, tó san owó ilé-ìwé rẹ lábẹ́lẹ̀, tí ẹ ṣì ń pè ní ìkà títí dòní.

Shepard kò mọ ẹni tó gbé e. Dókítà náà ló ń béèrè, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún, bóyá ọmọ Amẹ́ríkà yẹn yè. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ló bá a wádìí, tí àwọn méjèèjì fi rí ara wọn ní Austria lọ́dún 1993.

Lọ́jọ́rú, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, kí kálukú mú orúkọ ẹnì kan wá: ẹni tó gbé ọ nílẹ̀ rí tí o kò tíì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ ń bá jà, ẹ má fi ìyẹn yọ ọ́.