Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò ọjọ́ méjì sí páàkì Ọ̀yọ́ Ilé, àti owó tí a fẹ́ gbà padà

Yábàá, Èkó.
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn-àjò náà,

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa.

Àwa èrò 14 tó wọ bọ́ọ̀sì yín ní Yábàá ní Sátidé ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, lọ sí páàkì Ọ̀yọ́ Ilé, igbó ìjọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, la kọ ìwé yìí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦95,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,330,000. Nígbà tí a pè yín lẹ́yìn tí a dé, èsì tí òṣìṣẹ́ yín fọ̀ ni pé òjò ló ba nǹkan jẹ́. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ nìyẹn. Oṣù Kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ jù ní apá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú ọjọ́ yẹn ló jẹ̀bi, òjò kò jẹ̀bi.

Lásìkò òjò, koríko páàkì yẹn ga ju èèyàn lọ, omi sì wà nínú gbogbo kòtò, nítorí náà kò sí ohun tó máa gbé egbin tàbí ìgalà wá sétí odò níbi tí ojú ti lè tó o. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, wọ́n ti dáná sun koríko, àbàtà kéékèèké ti gbẹ, odò ńlá ló kù tí gbogbo wọn ń wá mu. Kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń jẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú, abẹ́ igi ni wọ́n ń sá sí. Agogo 12 ọ̀sán gangan ni ìwé ètò yín kọ fún wíwo ẹranko! Ti àwòrán àgùnfọn tó wà lórí ìpolówó yín kò tilẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí: kò sí àgùnfọn nínú igbó Ọ̀yọ́. Egbin, ìgalà, ìmàdò, ẹfọ̀n àti ọ̀bọ ni ibẹ̀ ní, ẹyẹ sì pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, ìyẹn náà tó wò. Ẹni tó bá ní erin lòun fẹ́ rí, Yankari ní Bauchi ni kí ẹ júwe fún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló dùn wá jù. Ilẹ̀ páàkì náà tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Tí ẹ bá pín gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó sí mẹ́wàá, yóò gba méje nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì àgbà wà nínú ìlú Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni igbó wà. Ẹni tó ń lọ sí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò gbà, kó tó já sí Ìgbẹ́tì. Ẹni tó ń lọ wo ẹranko ní apá páàkì tí wọ́n ń pè ní Marguba, Ìséyìn ni yóò gbà lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọ̀nà méjèèjì ti pínyà láti ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ kó wọn pọ̀ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni pé Ọbáléńdé àti CMS ni. Agogo 5 ìdájí ló yẹ ká kúrò ní Yábàá. Agogo 8 kọjá ogójì ìṣẹ́jú la tó gbéra, nítorí páálí ọjà tí dẹ́rẹ́bà yín ń dúró dè, tó fẹ́ já sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí a fi máa dé páàkì, Ọ̀yọ́ Ilé ti bọ́, a kò sì fojú kàn án títí a fi padà sílé. Bí a bá tilẹ̀ débẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń sáré wò. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni wọ́n ti fi ìlú yẹn sílẹ̀. Odi rẹ̀ ti di òkìtì tí koríko bò, èèyàn lè gùn ún kọjá kó rò pé ilẹ̀ lásán ni, àfi kí ẹ̀ṣọ́ tó mọ ibẹ̀ fi hàn án.

Ní ẹnu géètì, a gbọ́ pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé pé à ń bọ̀. Ọ̀gá, páàkì yìí kì í ṣe páàkì mọ́tò Jíbówú, tí èèyàn ń dé lójijì kó máa béèrè ọkọ̀ tó kàn. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọgbó láìsí ẹ̀ṣọ́ tó gbébọn, ẹ̀ṣọ́ náà sì ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. A jókòó wákàtí méjì kí wọ́n tó rí ẹni tó máa tẹ̀ lé wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ṣe dáadáa, a kò ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò.

Bọ́ọ̀sì Hiace tí ẹ fi kó wa, títì ọlọ́dà ló wà fún. Ikùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, táyà iwájú sì ti dán bí orí apárí. Ibi tí omi ti la ọ̀nà kọjá ni ẹsẹ̀ òsì ti rì dé ìdajì, amọ̀ kún inú ihò rẹ̀, ó ń yí lójú kan. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń tẹ iná sí i ló túbọ̀ ń walẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ló ní kó pa á, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ amọ̀ iwájú táyà kúrò, kí wọ́n ki ẹ̀ka igi sí i, kó wá fi jíà kìíní yọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ṣọ́bìrì nínú ọkọ̀, kò sí okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, táyà àfipààrọ̀ kò ní afẹ́fẹ́. Ọwọ́ àti ọ̀bẹ ìdáná la fi gbẹ́ ẹ.

Ẹ wá fún wa ní aṣọ. Fáńílà búlúù tó ṣú, orúkọ ilé iṣẹ́ yín gàdàgbà lẹ́yìn, ẹ ní kí gbogbo wa wọ̀ ọ́. Aṣọ búlúù àti dúdú ni àwọn tó ń dẹ pańpẹ́ fún eṣinṣin tsetse ń lò, torí àwọ̀ yẹn ló ń fà á mọ́ra. Ẹ fi owó yín ṣe wá ní ìjẹ! Fáńílà náà fẹ́lẹ́, ẹnu eṣinṣin ń gba inú rẹ̀ kọjá, èjìká àti ẹ̀yìn ni wọ́n ti jẹ wá jù. Aṣọ tó ní àwọ̀ ilẹ̀, alápá gígùn, tó nípọn díẹ̀, ni wọ́n ń wọ̀ lọ sírú ibẹ̀, wọ́n á sì fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Omi ńkọ́? Báàgì píọ̀ wọ́tà méjì. Ogún ọ̀rá ló wà nínú báàgì kan, ìdajì lítà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà 20 fún èèyàn 14 lọ́jọ́ méjì. Ẹnì kan kò tó lítà kan àbọ̀. Lítà mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú ooru ní lójúmọ́: báàgì mẹ́sàn-án ló yẹ kí ẹ kó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó. Ìwé tí ẹ fún wa pín ₦95,000 báyìí: ọkọ̀ ₦38,000, ilé ìsùn ₦22,000, oúnjẹ ₦15,000, owó páàkì àti ẹ̀ṣọ́ ₦20,000. Ẹ ṣèlérí èèyàn méjì nínú yàrá kan, mẹ́rin lẹ kó sí i, nítorí náà ìdajì owó ilé ìsùn, ₦11,000. Ibi méjì la sanwó fún, ibì kan la rí, ₦10,000. Lẹ́nu géètì, ọmọ iṣẹ́ yín tún gba ₦5,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láìsí rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ẹ kọ ọ́ pé gbogbo owó ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mú owó lọ́wọ́ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦26,000 lórí ẹnì kan, ₦364,000 fún èèyàn 14. A kò béèrè owó ọkọ̀, torí bọ́ọ̀sì náà gbé wa délé. Oúnjẹ yín náà dára, ẹ kí ìyá tó sè é.

A rí i pé ẹ ti ń polówó ìrìn-àjò míràn fún oṣù Kejìlá. Ẹ pe ọ́fíìsì tó wà ní Ọ̀yọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ béèrè ọ̀nà tó ti gbẹ, iye ẹ̀ṣọ́ tó wà nílẹ̀, àti owó ìwọlé, owó ọkọ̀ àti ti kámẹ́rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ tó ga ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fẹ́ fi Ọ̀yọ́ Ilé kún un, ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹ sùn ní Ìgbẹ́tì.

Ọjọ́ 14 la fún yín láti dá ₦364,000 padà. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, a ó gbé ẹ̀dà ìwé yìí, rìsíìtì wa àti àwòrán táyà yẹn lọ sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Àkáǹtì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sanwó fún yín ni kí ẹ dá tirẹ̀ padà sí. Ẹ má kó o fún ẹnì kan pé kó pín in.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Èrò 14 tó wọkọ̀ ní Yábàá