Fúnmi, ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn

Adó-Èkìtì,
Oṣù Kejìlá.

Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá Ṣeun ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Ọyẹ́ ti dé síbí náà, ètè gbogbo wa ti ń bó, ṣùgbọ́n o máa fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá pe èyí ní òtútù.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ lórí fídíò, tí ò ń fi aṣọ tuntun hàn mí, ojú mi ò sí lára aṣọ. Ẹ̀yìn rẹ ni mò ń wò. Kí ni nǹkan dúdú wínníwínní tó wà lára ògiri, láti igun àjà wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù? Má sọ pé òjìji ni. Kòkó ni mò ń rà tí mo ń tà, mo mọ nǹkan tó bu tí mo bá rí i. Mo sì ń gbọ́ ikọ́ Ṣeun.

Ṣé o ti gbàgbé yàrá Bradford, ní England lọ́hùn-ún ni? Tí bàtà tí mo rà de ìgbéyàwó hu irun funfun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ìwọ lo máa ń pariwo nígbà yẹn pé kí n ṣí fèrèsé tí mo bá wẹ̀ tán. Ní báyìí, ìwọ lò ń se mọ́ínmọ́ín títí ilẹ̀ fi ń ṣú, fèrèsé wà ní títì, aṣọ tútù wà lórí hítà. Níbo lo rò pé omi yẹn ń lọ? Inú afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń wọ̀. Tó bá ti kan ògiri tútù, á tún di omi, bí ìgò mínírà ṣe ń làágùn tí a bá yọ ọ́ nínú fíríìjì. Fa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kúrò lára ògiri kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà. Máa dé ìkòkò. Tan fáànù ilé ìdáná, kí o sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Má pa hítà pátápátá nítorí owó iná. Kó máa jó díẹ̀díẹ̀ sàn ju kí ẹ tàn án gbòò fún wákàtí kan. Bàbá Ṣeun á bínú, kí wọ́n máa bínú. Mítà kékeré kan wà tó ń wọn ọ̀rinrin inú ilé, bí èyí tí a fi ń wọn kòkó. Ra ọ̀kan, má jẹ́ kó kọjá ìdá 60 nínú 100. Má sì kun ọ̀dà bo nǹkan dúdú yẹn o, yóò tún yọ.

Ẹni tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ilé yín, ní ẹ̀ ń se oúnjẹ jù? Ṣé kí ẹ má jẹun ni? O rántí Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tí irú nǹkan dúdú yẹn nínú ilé wọn pa ní Rochdale lọ́dún 2020. Òfin England tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 27 Oṣù Kẹwàá, 2025. Ilé kánsù lẹ ń gbé, ó kàn yín. Tí ọ̀rinrin bá le débi tó lè ṣe ìlera yín ní jàǹbá, wọ́n gbọ́dọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10; tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24 ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, má fẹnu sọ ọ́ lásán.

Ìyá mi ti ń fi ọ̀pá rìn, a dúpẹ́. Owó kòkó ti já wálẹ̀. Ọkùnrin Ìgèdè yẹn ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, má bi mí ní nǹkan kan.

Fúnmi, Dàpọ̀ àbúrò mi ti rí físà. Oṣù Kìíní ló ń bọ̀. Mo fẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ rẹ títí yóò fi rí yàrá. O sì mọ ikọ́ fée rẹ̀. Yàrá kọ́bọ́ọ̀dù yẹn náà lo ní fún àlejò, àbí? Tí kò bá ní ṣeé ṣe, sọ fún mi ní tààrà, n ò ní bínú, mo kàn fẹ́ tètè wá ibòmíràn ni. Tó bá ṣeé ṣe, kọ ohun tí o fẹ́ kó gbé bọ̀ fún ọ, yàtọ̀ sí iyán.

Èmi ni,
Bọ̀sẹ̀.