Láptọ́ọ̀pù tí o fi sílẹ̀ fún mi

Àkúrẹ́,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Kú òtútù Kánádà o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi ooru àti iná tó ń ṣe ségesège.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa láptọ́ọ̀pù rẹ. Ṣé o rántí bí o ṣe pín hard disk rẹ̀ sí pàtíṣàn-pàtíṣàn fún ètò méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà, Windows níhìn-ín, Ubuntu lọ́hùn-ún, tí o tún fi pàtíṣàn kékeré kan sáàárín wọn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀? Iṣẹ́ káàdì ìgbéyàwó pọ̀ lọ́wọ́ mi, àyè sì ti tán. Ni mo bá wọ inú Windows, mo pa pàtíṣàn òfìfo yẹn rẹ́. Ta ni yóò bi mí? Nígbà tí mo tún un tàn, ojú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Ìlà méjì péré ló kọ:

error: no such partition
grub rescue>

Kò sí Windows, kò sí Ubuntu. Káàdì àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní hard disk ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Mo rò ó wò: bí hard disk bá kú, ta ló wá ń kọ̀wé sí mi lójú yìí? Mo gbé ẹrù mi, mo ní ó dàbọ̀.

Ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà níbí, kan tó máa ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi ló là mí lójú. Ó ní MBR, ètò àtijọ́ tí hard disk rẹ ń lò, kì í gbà ju pàtíṣàn gidi mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á sọ ọ̀kan di àpò ńlá, á kó àwọn yòókù sínú rẹ̀, láti orí 5 ni nọ́ńbà tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfìfo tí mo pa rẹ́ ni 5, Ubuntu ni 6. Bí 5 ṣe lọ báyìí, 6 di 5. Ṣùgbọ́n 6 ni GRUB, ètò kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn fún Windows àti Ubuntu, há sórí. Àfi bí ìgbà tí wọ́n wó ilé kan ládùúgbò tí wọ́n sì tún nọ́ńbà kọ sára àwọn tó kù: onílé wà nínú ilé tó ń jẹ iyán, àlejò ń ráre níta.

Ó ní kí n tẹ ls, kí n fi yẹ àwọn pàtíṣàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe rí Ubuntu, ó ní kí n tẹ ìwọ̀nyí:

set root=(hd0,msdos5)
set prefix=(hd0,msdos5)/boot/grub
insmod normal
normal

Bí mo ṣe tẹ èyí tó kẹ́yìn, Ubuntu àti Windows tò síwájú mi pé kí n mú ọ̀kan. Igbe tí mo ké, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì níwájú ṣọ́ọ̀bù sáré wọlé.

Kò tíì tán o. Bí mo bá pa á, á tún gbàgbé. Kí GRUB má baà gbàgbé mọ́, inú Ubuntu la ti tẹ sudo grub-install /dev/sda, ká tó wá tẹ sudo update-grub. Ó bèèrè password, àfi ìgbà tí mo dojú láptọ́ọ̀pù dé tí mo rí i níbi tí o fi bírò kọ ọ́ sí. Àjàní, ìwà rẹ ò yí padà. Mo fẹ́ tẹ sda5, tó jẹ́ pàtíṣàn kan péré, dípò sda, tó jẹ́ odindi hard disk, ọmọ náà gbá mi lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àyè tí mo torí ẹ̀ jìyà, Windows ò lè fi kún C, pàtíṣàn tirẹ̀. Inú àpò ńlá yẹn ló ṣì wà, C sì wà níta.

Mo bá àwòrán wa ní Òkè Ìdànrè nínú Ubuntu rẹ, èyí tí o jókòó sórí àtẹ̀gùn tí o ní ká máa lọ, ká fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ.

Èmi ni,
Àkàndé